Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Iná Mú?



Àdúgbò kan wà ní ìlú Accra, olú-ìlú Gánà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tí wọ́n ti ṣòwò dé ìhà ibẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kaneshie ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè àwọn Gã tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ìtumọ̀ orúkọ yìí ni "abẹ́ àtùpà", nítorí pé ọjà alẹ́ ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láyé àtijọ́, tí kálukú ń tan àtùpà síwájú igbá rẹ̀. Lónìí, ilé ọjà ńlá alápẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀, létí títì tí ó jáde láti Accra lọ sí Winneba, Cape Coast àti Takoradi.

Láàárín ọdún 2012 sí 2016, ó kù díẹ̀ kí ọjà náà padà sí abẹ́ àtùpà ní tòótọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le jù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ètò tí ilé-iṣẹ́ iná gbé jáde ni pé kí iná wà fún wákàtí 12, kí ó sì lọ fún wákàtí 24. Àwọn ará Gánà fún un ní orúkọ: wọ́n pè é ní dumsor, èyí tí í ṣe "pa á, tàn án" ní èdè Akan. Ẹ mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín, fún aránṣọ, fún wẹ́dà, fún ẹni tí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kò ní jẹnẹrétọ̀. A kò nílò láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, àwọn ènìyàn tú jáde ní Accra ní alẹ́, pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, láti sọ fún ìjọba pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ kan ní Ìlọrin tàbí nọ́ọ̀sì kan ní Adó-Èkìtì máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan òun nínú iná Kaneshie. Ó kàn án ní ọ̀nà méjì. Èkínní ni pé láti ilẹ̀ wa ni apá kan nínú gáàsì tí ń tan iná náà ti ń lọ. Èkejì ni pé Gánà àti Nàìjíríà ń múra láti bá àwọn alágbára ayé tọwọ́ bọ̀wé lórí ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì, àwọn ìwé tí yóò de àwọn ọmọ wa àti àwọn ọmọ ọmọ wa. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kò ju pé kí òṣìṣẹ́ rí ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá dà bí ohun kékeré lójú yín, ẹ bá wa dé orí odò Volta ná.

Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, Kwame Nkrumah gbà pé orílẹ̀-èdè tí kò ní iná kò lè ní ilé-iṣẹ́, èyí tí kò bá sì ní ilé-iṣẹ́ yóò máa ta kòkó rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, yóò sì máa ra ọjà ní ọ̀wọ́n. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ sé odò Volta ní Akosombo. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Báńkì Àgbáyé, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gbà láti yá a, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ yá a àfi bí oníbàárà ńlá kan bá wà tí yóò máa ra iná náà. Oníbàárà yìí ni Valco, ilé-iṣẹ́ tí Kaiser àti Reynolds ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní Tema láti máa yọ́ álúmíníọ́mù. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1962. Iye tí Valco yóò máa san lórí yúníìtì iná kan fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lọ, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì ṣe àdéhùn náà fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òkúta tí a fi ń ṣe álúmíníọ́mù wà nínú ilẹ̀ Gánà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń wà á ní Awaso. Síbẹ̀, láti òkè òkun ni Valco ti ń kó èròjà tirẹ̀ wọlé, òkè òkun náà ni ó sì ń kó álúmíníọ́mù lọ. Ohun tí wọ́n wá rà ní Gánà ni iná, wọ́n sì rà á ní ọ̀pọ̀ ju bí ìyálọ́jà èyíkéyìí ní Kaneshie ti lè rà á lọ. Àwọn tí omi lé kúrò nílé baba wọn tó 80,000 ènìyàn, láti inú abúlé tí ó ju 700 lọ. Adágún tí ó bo oko wọn mọ́lẹ̀ wà lára èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo adágún tí ọwọ́ ènìyàn dá láyé. Nínú àwọn ìletò tuntun tí wọ́n kó wọn lọ, púpọ̀ ni ó pẹ́ gan-an kí iná tó dé. A kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó jókòó níbi tí a ti kọ ìwé náà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1966 ni Nkrumah ṣí dáàmù Akosombo. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún kan náà, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà lẹ́nu ìrìn-àjò sí Hanoi. Ìjọba lọ, ìjọba bọ̀, ìwé àdéhùn dúró. Nígbà tí ọ̀dá 1983 sí 1984 dé, omi lọ sílẹ̀ títí tí Valco pàápàá fi ní láti ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Jerry Rawlings bá Kaiser jókòó, àdéhùn tuntun ti 1985 sì gbé iye owó yúníìtì kan dé sẹ́ǹtì kan àti ìdá méje nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà iye tí wọ́n kọ ní 1962. Odò kan náà ni. Ẹ̀rọ kan náà ni, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé nìkan ni ó yí padà.

Láti 1972 ni iná Akosombo ti ń dé Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin, títí kan ìlú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìhà ibẹ̀. Èyí fún Gánà ní ọ̀wọ̀ láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀, a kò sì ní fi dù ú.

Àlá kejì Nkrumah ni átọ́míìkì. Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná tó nígbà náà, ẹ rántí pé ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960 ni Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, ní aginjù Sàhárà, láìbi ẹnikẹ́ni ní Áfíríkà léèrè. Gánà gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Faransé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nàìjíríà, tí òmìnira rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin, lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1961 lẹ́yìn ìdánwò kẹta. Nínú ìbínú ìgbà yẹn ni Gánà dá Àjọ Átọ́míìkì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1963. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1964, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀rọ ìwádìí lélẹ̀ ní Kwabenya, lẹ́yìn Accra, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́mọdé Gánà yóò ti kọ́ ìmọ̀ náà ni. Àwọn ológun 1966 lé àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì lọ sílé, iṣẹ́ sì dúró.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ẹ̀rọ kan tó wọ Kwabenya. Kékeré ni, agbára rẹ̀ kò ju kìlówáàtì 30 lọ, Ṣáínà ni ó sì ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìwádìí àti ti ẹ̀kọ́ ni, kò lè tan gílóòbù kan ṣoṣo ní Kaneshie. Síbẹ̀, epo yùréníọ́mù tí ó wà nínú rẹ̀, bí ó ti kéré tó, jẹ́ irú èyí tí a fi lè ṣe bọ́ǹbù. Nítorí náà, àwọn alágbára ayé kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ ní 2017, tí wọ́n sì dá èyí ti tẹ́lẹ̀ padà sí Ṣáínà. Irú ẹ̀rọ kan náà wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti 2004, ohun kan náà ni wọ́n sì ṣe sí epo rẹ̀ ní 2018. A kò bínú sí èyí. Áfíríkà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn Pelindaba ní 1996 pé kò sí bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ilẹ̀ wa mọ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé nínú iṣẹ́ átọ́míìkì, ẹni tí ó ta ẹ̀rọ kì í lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ tí ó ta á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé, nítorí pé kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n mọ bí a ti ń di kọ́kọ́rọ́ mú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1979, ìjọba Ọbásanjọ́ gba dúkìá BP ní Nàìjíríà nítorí ọ̀rọ̀ epo tí ń dé Gúúsù Áfíríkà ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì di African Petroleum. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìpàdé Lancaster House lórí òmìnira Zimbabwe fi bẹ̀rẹ̀ ní London. A kò sọ pé epo nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n London gbọ́ ohùn wa lọ́dún náà. Ìyẹn jẹ́ ìlò agbára tí òṣìṣẹ́ lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, nígbà tí àwọn ológun Gánà yìnbọn pa àwọn olórí wọn àtijọ́, Nàìjíríà dáwọ́ epo tí ń lọ sí Gánà dúró. Èyí kò dun àwọn tí wọ́n yìnbọn bí ó ti dun awakọ̀ àti ìyálọ́jà. Bákan náà ni ní 2023, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, tí Nàìjíríà sì pa iná tí ó ń tà fún wọn. Àwọn ológun ní jẹnẹrétọ̀. Àwọn aláìsàn àti àwọn onísẹ́ ọwọ́ ni òkùnkùn bò.

Ọ̀rọ̀ Niger yìí yẹ fún àròjinlẹ̀. Láti 1971 ni ilé-iṣẹ́ Faransé ti ń wa yùréníọ́mù ní Arlit, èyí tí ó wà lára ohun tí ń tan iná ní ilẹ̀ Faransé, tí ó sì mú kí Faransé jẹ́ ẹni ńlá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Niger tí ó ni ilẹ̀ náà wá ń ra púpọ̀ jù nínú iná tirẹ̀ lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba Niger kéde pé òun gba ilé-iṣẹ́ Somaïr di ti orílẹ̀-èdè. Ó lè jẹ́ ohun rere. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti rí ohun tí ilé-iṣẹ́ ìjọba dà ní Nàìjíríà mọ̀ pé gbígbà kọ́ ni òpin iṣẹ́.

Àwa àti Gánà náà ti lo epo fún ara wa àti sí ara wa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní Ṣakí ni kò tíì gbàgbé 1969, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà. Nígbà tí epo wọ́n, àwọn olùkọ́ Gánà kún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí iye owó epo já, ìjọba Shagari lé wọn lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1983 pẹ̀lú báàgì lórí. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, bíi tiwa.

Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yẹ kí ó jẹ́ àtúnṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 678. Láti Itoki ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Àgbádárìgì wọ inú òkun, ó kọjá Kútọnu àti Lomé dé Tema àti Takoradi. Wọ́n sọ fún wa pé yóò dín iná tí ń jó gáàsì dànù kù ní Niger Delta, yóò sì tan iná fún àwọn aládùúgbò wa. Chevron ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tógò àti Benin, tí ó gba iwájú ilé wọn kọjá, kò ní ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ àwọn olè ojú òkun fa ọ̀pá náà ya ní ìhà Lomé. Gáàsì dúró fún nǹkan bí ọdún kan, dumsor sì wọlé. Nígbà tí ó tún ṣe, gbèsè dé: ní 2016, gáàsì tí ń lọ sí Gánà dínkù nítorí owó tí Gánà kò tíì san. Ẹni tí ó bá wà ní Kaneshie ní alẹ́ yẹn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó ti san owó iná tirẹ̀ ṣáájú.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Nínú ìbẹ̀rù òkùnkùn, ìjọba Gánà sáré fọwọ́ sí ìwé lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ ojú omi tí ó ní ẹ̀rọ iná dé láti Tọ́kì sí Tema ní 2015, òmíràn sì tẹ̀lé e. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí sọ pé bí Gánà lo iná náà, bí kò lò ó, yóò san owó rẹ̀. Ní 2019, mínísítà ìṣúná Gánà fẹnu ara rẹ̀ sọ ní ilé aṣòfin pé orílẹ̀-èdè náà ń san owó tí ó ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún fún iná tí kò nílò. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ gbèsè.

Ní ọdún 2019 yìí kan náà, wọ́n gbé iṣẹ́ pínpín iná fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní PDS, nínú ètò tí Amẹ́ríkà fi owó sí. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná àti omi ti Gánà, tí ó wà lábẹ́ TUC, ti ń pariwo tipẹ́ pé ètò náà kò dára. Wọ́n pè wọ́n ní ọ̀tá ìlọsíwájú, bí wọ́n ti máa ń pè wá níbí. PDS gba iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ní òpin oṣù Keje, ìjọba dá a dúró nítorí pé ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n mú wá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá, ó parí. Amẹ́ríkà fa 190 mílíọ̀nù dọ́là padà nítorí rẹ̀. A kò mọ ilé-iṣẹ́ tí yóò padà wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lẹ́yìn wa ni átọ́míìkì fi tún dé. Ní 2024, ìjọba Gánà sọ pé àwọn tí òun ń wò láti kọ́ ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì wá láti Faransé, Amẹ́ríkà, Gúúsù Kòríà, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ní ìpàdé kan ní Nairobi, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan lórí irú ẹ̀rọ kékeré. Ibi tí wọ́n yàn ni Nsuban ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Gánà. Nàìjíríà ti bá Rosatom ti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé láti 2009, a sì ti gbọ́ orúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí. Títí di ìsinsìnyí, bíríkì kan kò tíì lé lórí èkejì.

Ẹgbẹ́ wa kò sọ pé átọ́míìkì burú. Koeberg ní ẹ̀bá Cape Town ti ń tan iná láti 1984, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Íjíbítì. Ní El Dabaa, Rọ́ṣíà ni ó ń kọ́ ilé náà; Rọ́ṣíà ni ó yá Íjíbítì ní 25 bílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fi ń kọ́ ọ; Rọ́ṣíà náà ni yóò máa ta epo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà ni, orúkọ lásán ni yóò yàtọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọgọ́ta ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ni ti Valco, ẹ sì ti rí bí ó ti rí.

Àwọn aláṣẹ yóò sọ fún wa pé ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣírí ìjọba, pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọn yóò wọ inú ilé náà láràárọ̀. Ní Chernobyl ní 1986, àwọn panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kú. Nítorí náà, ó tọ́ kí a béèrè ẹni tí yóò wọn ìtànṣán tí ó wọ ara òṣìṣẹ́, àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní ogún ọdún sí i bí àìsàn bá yọjú. Ó tọ́ kí a béèrè ibi tí a óò kó pàǹtírí rẹ̀ sí. Àwọn ará Koko ní Delta ti rí i ní 1988 nígbà tí wọ́n da àgbá májèlé láti Ítálì sí wọn lágbàlá. Ó sì tọ́ kí a béèrè iye tí yúníìtì kan yóò jẹ́, irú owó tí a óò fi san án, àti bóyá a óò san án bí a kò tilẹ̀ lò ó.

Àwa tí NUPENG àti PENGASSAN ṣe aṣojú fún ní 1994, nígbà tí epo dúró láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án nítorí ìdìbò June 12, mọ̀ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà máa ń dé orí kọ́kọ́rọ́. Frank Kokori fi ẹ̀wọ̀n san án títí di 1998. A kò fẹ́ kí ó tún di dandan kí ẹnikẹ́ni lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìwé tí ó yẹ kí a ti kà sókè ní gbangba.

Ní ìpàdé ẹ̀ka yín tí ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí ẹ óò jíròrò. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ lẹ́tà sí aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ó béèrè pé kí wọ́n gbé gbogbo ìwé àdéhùn tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí lórí átọ́míìkì láti 2009 síwájú ilé, kí wọ́n sì tú u sí èdè tí àwọn ará Geregu àti Itu ń sọ. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ẹ̀ka tí ó bá ní ọ̀rẹ́ nínú TUC ti Gánà, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wọn náà, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kan ilẹ̀kùn wọn ní Accra ni wọ́n ń kan tiwa ní Abuja.